Sọ Ọ́ fún Ọlọ́run Bó Ṣe Rí

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo tún ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gbọ́ lálẹ́ àná. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ pé, "Mọ́mì, kò sí wàhálà, Ọlọ́run wà," ohùn rẹ sì ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá là á fún mi láàárọ̀ yìí: pé ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó mú ọ wọ Ìlú Ọba, pé lẹ́tà Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ti dé, pé 60 ọjọ́ ni wọ́n fún ọ láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbà ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé. Ọjọ́ 11 sì ti lọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá tí o ti ń dá ọ̀rọ̀ yìí gbé sùn!

N kò bínú. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ.

O rántí ọdún tí ṣọ́ọ̀bù jó, o wà ní JSS 2. Ìdajì àdìrẹ tó wà níbẹ̀ ni mo gbà láwìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo wé gèlè, mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ọpẹ́ ni fún Olúwa pé ẹ̀mí kò bá a lọ. Òótọ́ sì ni, ẹ̀mí kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n n kò sunkún rárá. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dárò, torí mo rò pé bí mo bá sunkún, Sátánì yóò yọ̀ mí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì yẹ ìfúnpá mi wò, tó ní ta ló tẹ̀lé mi wá, pé n kò gbọdọ̀ dá nìkan lọ sílé.

Ìyá Ìjọ ló gbà mí. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá, wọ́n jókòó, wọn kò wàásù. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n ní kí n ka Sáàmù 13 fún àwọn, pé ojú àwọn kò ríran mọ́. (Irọ́ ni o, ojú wọn ríran kedere.) "Ìwọ ó ti gbàgbé mi pẹ́ tó, Olúwa, láéláé?" N kò lè ka ẹsẹ kejì. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹkún oṣù méjì ti ya lù mí. Ìyá Ìjọ ní, "Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà."

Nítorí náà, má fi ìgbàgbọ́ bo ẹkún mọ́lẹ̀. Náómì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàn ló lé òun àti ọkọ rẹ̀ kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sí Móábù. Jápa ni ẹ̀yin ń pè é. Ọkọ kú sọ́hùn-ún, ọmọ méjèèjì kú. Nígbà tó padà délé tí àwọn obìnrin ìlú ń kí i, kò ní "a dúpẹ́, gbogbo rẹ̀ dáa." Ó ní kí wọ́n yéé pe òun ní Náómì, Márà ni kí wọ́n máa pe òun, torí Olódùmarè ti hùwà kíkorò sí òun. N kò rí ibi tí Bíbélì ti bá a wí. Ohun tí mo rí ni pé Rúùtù gbéra, ó lọ pèéṣẹ́ ọkà báálì lóko olóko.

Ìwọ náà, bí o bá sunkún tán, lọ pèéṣẹ́. Lọ sí Citizens Advice, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn. Orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àlejò wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba wọn. Máa kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta sponsor, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń gba àlejò, fún ọ ní kọ́bọ̀. Bákan náà ni wòlíì orí WhatsApp tó ń béèrè 200 pọ́n-ùn fún irúgbìn ìtúsílẹ̀. N kò ní Ọlọ́run kì í rán wòlíì. Ṣùgbọ́n opó onígbèsè tó lọ bá Èlíṣà kò san nǹkan kan. Òróró ló rí tà, tó fi san gbèsè, tí òun àtọmọ sì jẹ ìyókù.

Owó kọ́péráátífù, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo ti rí akọ̀wé wọn.

Ohun tó ń jà mí láyà ju físà lọ ni pé o sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ayé sú ọ. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Aké, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821. Wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi pààrọ̀ tábà àti ọtí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé lóru, òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 nìyẹn, kò fi pamọ́. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá dé, má dá a gbé. Pè mí, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Bí n kò bá tètè gbé e, ẹ̀gbọ́n rẹ ní nọ́ńbà àwọn Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ayé sú, wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, 116 123, wọn kì í gbowó. Kí o sì sọ fún pásítọ̀ rẹ lọ́la.

Ní 1846, ní Abẹ́òkúta wa yìí, Àjàyí àti ìyá rẹ̀ tún fojú kanra, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ó ní ńṣe ni àwọn di ara àwọn mú, tí àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, tí omijé ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá òun. Ìyá yẹn ni mo máa ń rò jù. Kò mọ̀ bóyá ọmọ òun wà láàyè. Èmi mọ ibi tí tèmi wà. Bí 60 ọjọ́ bá pé tí ilẹ̀kùn kò ṣí, wá sílé. Yàrá rẹ ṣì wà bó ṣe wà, kò sì sẹ́ni tí yóò yẹ ẹrù rẹ wò láti mọ ohun tí o mú bọ̀.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi láfún rán an sí ọ, àti ẹja gbígbẹ díẹ̀. Jẹ́ kí omi hó dáadáa kí o tó rò ó, kó má ṣe kókó bíi tọjọ́sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ