Ilé Ń Sinmi, Ọmọ Ò Sinmi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹni tó kọ́kọ́ pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, inú ilé ló jókòó sí tó fi sọ ọ́. Ọmọ ti jáde, ariwo ti lọ, àgbà ráyè mí. Mi ò bá a jà, ilé tèmi náà nílò ìsinmi. Àmọ́ orúkọ yẹn ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ṣe la kàn ń bá wọn ṣọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì fẹ́ rí èrè owó wọn, inú ìwé ni wọ́n máa ń wá a sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, ó fa ìwé ọmọ rẹ̀ yọ nínú báàgì, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfìfo. Ó ní, "Àǹtí, ṣé eré lọmọ yìí ń ṣe látàárọ̀ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, eré ni." Ọmọ méjì ti ń fà mí láṣọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, mi ò ráyè ṣàlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àlàyé náà sínú ìwé ìròyìn yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, wà nídìí bàsíà omi. Ife méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀kan ga, ó tín-ín-rín, èkejì kúrú, ó fẹ̀. Ó bu omi kún èyí tó ga, ó dà á sínú èyí tó fẹ̀. Omi ò dé ẹnu ife náà. Ó wo ilẹ̀ bóyá ó dà nù. Ilẹ̀ gbẹ. Ó dà á padà, ife kún bámúbámú. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí mi ò fi mọ iye ìgbà mọ́. Nígbà tó yá ló wò mí, ó ní, "Omi ń sá pamọ́." Mi ò ṣàlàyé kankan. Mo ní, "Ibo ló ń sá sí?" Ló bá tún padà sídìí ọ̀ràn.

Jean Piaget, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi irú ife bẹ́ẹ̀ wádìí bí ọmọdé ṣe ń ronú. Ó rí i pé kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó tó nǹkan bí ọdún 7, ohun tí wọ́n gbà ni pé ife tó ga ló ní omi jù, bí omi inú ife méjèèjì tiẹ̀ dọ́gba. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹnu sọ fún ọmọ kó wọ̀ ọ́ létí, ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi bá a pàdé. Ìṣirò lọmọ yẹn ń ṣe o, àmọ́ mi ò lè lẹ omi mọ́ ìwé fún bàbá rẹ̀ wò.

Ìwé kíkọ ńkọ́? Egungun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, púpọ̀ nínú wọn ò tíì di egungun tó le. Ọwọ́ yẹn lẹ fẹ́ kó di pẹ́ńsùlù mú kó kọ A ní ogún ìgbà? Amọ̀ tó ń pò, bébà tó ń fà ya, bọ́tìnnì tó ń bá jà kó tó wọ ojú ihò rẹ̀, àwọn yẹn ló ń fún ọwọ́ náà lágbára. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa fi ó kéré tán wákàtí 3 lóòjọ́ sáré, fò, gun nǹkan, kó má sì wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ju wákàtí kan lọ. Wọn ò dárúkọ pẹ́ńsùlù níbẹ̀.

Friedrich Froebel tó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1837, bọ́ọ̀lù àti igi oní-igun mẹ́rin ló kó fún àwọn ọmọ. Lọ́dún 1840 ó sọ ọ́ ní Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé. Òun sọ ọ́ ní ọgbà fún ọmọ, àwa sọ ọ́ ní ìsinmi fún ilé.

Iṣẹ́ wa tí òbí kì í rí ni wíwò. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan, tí mo bá pè é kì í dáhùn, tí mo bá ní ká kó nǹkan nílẹ̀ á máa bá tiẹ̀ lọ. Mo pè é ní olóríkunkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ojú ṣì ń tì mí. Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ tí mo kẹ̀yìn sí i ni mo tó rí i pé ẹnu mi ló máa ń wò kó tó ṣe ohun tí mo wí. Mo sọ fún ìyá rẹ̀. Dókítà bá omi lẹ́yìn awọ etí rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kedere, báwo ló ṣe máa sọ ọ́ kedere? Ká ní gbogbo wọn dorí kodò sórí ìwé látàárọ̀ ni, bóyá mi ò bá má mọ̀ títí wọ́n fi kúrò lọ́dọ̀ mi.

Bàbá náà ò sì jẹ̀bi tán. Mo ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ló ń tọ́ ọmọ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi wá mú wọn, èyí náà ń jẹ́ eré lẹ́nu ẹni tó ni ín. Torí náà, kí òbí máa béèrè. Kí ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé, "Kí lọmọ mi ṣe lónìí?" Tó bá ní, "Ó ṣeré," tó dákẹ́, kò wò ó. Tó bá lè sọ fún yín ẹni tó bá jà lórí kẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe parí rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tuntun tó sọ, ẹ lọ fọkàn balẹ̀.

Bàbá ọmọ wa, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí: lálẹ́ òní tó bá ń wẹ̀, ẹ fún un ní ife méjì, ọ̀kan kó ga, ọ̀kan kó fẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà bi í pé ibo lomi ń sá sí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan