Ẹ Tan Tọ́ọ̀ṣì Sí I Kí Ẹ Tó Ní Ó Ti Kú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Okun o, láti Ìsánlú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lágbègbè wa ni mo fẹ́ sọ, torí ó dùn mí wọra. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó tún dé, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó wá dúró, ojú tẹlifíṣọ̀n wa ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ohùn. Ínṣì 32 ni. Ọmọ wa tó wà ní Àbújá ló rà á fún bàbá rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí bàbá lè máa jáde mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni bàbá fi jókòó síwájú rẹ̀, tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni ń gbọ́ rédíò.

Ripiárà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ nídìí rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, páńẹ́ẹ̀lì, ojú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde, ti kú. Owó páńẹ́ẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ₦10,000, kí n lè yọ ara rẹ̀ tún òmíràn ṣe.” Díẹ̀ ló kù kí n gbà. Bàbá ló ní kí n má tà á.

Bí mo ṣe gbé e lọ sí Kàbbà nìyẹn. Ìdúró ni mo dì í mọ́ra nínú mọ́tò, mi ò jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà tẹ́ ẹ sí búùtù. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin ripiárà tí mo bá níbẹ̀ tó tú ìṣó kankan lára rẹ̀, ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi fi ìborùn yín dí ojú fèrèsé.” Ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó gbé tọ́ọ̀ṣì náà sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Obìnrin kan wà nínú òkùnkùn yẹn! Ó rí bàìbàì bí òjìji inú omi, ṣùgbọ́n mo rí gèlè rẹ̀, mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì bó ṣe ń ka ìròyìn. Páńẹ́ẹ̀lì kò kú. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú.

Ó ní páńẹ́ẹ̀lì irú tẹlifíṣọ̀n yìí kì í dá tàn. Àwọn gílóòbù LED wẹ́wẹ́ tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń tàn án. Wọ́n sì sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀: bí ọ̀kan bá jó, iná kò ní kọjá dé ọ̀dọ̀ ìyókù lójú okùn yẹn. Ó ká àwọn bébà funfun inú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi èyí tó jó hàn mí. Àmì dúdú kan ló wà láàárín rẹ̀, bí ìdí abẹ́rẹ́. ₦18,000 ni mo san. Kí n tó lọ, ó dín ìmọ́lẹ̀ iná ẹ̀yìn náà kù láti 100 sí 60, torí ooru ló ń pa gílóòbù. Ó ní bí iná bá ti ń ṣẹ́jú, kí n yọ wáyà, kí n má tàn án títí iná yóò fi dúró.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbà là ṣá o. Aládùúgbò mi kan wọ́n omi ọṣẹ sójú tiẹ̀ láti nu eruku ọyẹ́. Omi ṣàn lọ sí etí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn wáyà pẹlẹbẹ wà, ni ìlà bá fà gbọọrọ láti òkè délẹ̀. Ìyẹn ti ba páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ jẹ́. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ni kí a máa fi nù ún, kí tẹlifíṣọ̀n sì wà ní pípa. Bí ìdọ̀tí bá kọ̀, kí aṣọ ní omi díẹ̀ lára; a kì í da omi sójú tẹlifíṣọ̀n.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fún irú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí láyè nínú ìwé ìròyìn yín, kó máa ṣàlàyé ní Yorùbá. Ìwé tó bá tẹlifíṣọ̀n wa wá kò ní ọ̀rọ̀ kan tí bàbá lè kà. Kí àwọn ripiárà náà sì máa tan tọ́ọ̀ṣì níṣojú ẹni tó ni nǹkan. Bóyá ẹni àkọ́kọ́ mọ̀ o, bóyá kò mọ̀ o, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n ti tà ní ₦10,000 ní ilẹ̀ Yàgbà wa níbí, tó jẹ́ iná ẹ̀yìn nìkan ló kú?

Èmi ni,
Ìyá Tíṣà, Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí.