Ìsoríkọ́ tí kò tíì le: ohun tó ṣe é ṣe nílé, àti ibi tí agbára ilé mọ

Sí Olóòtú,

Ìsoríkọ́ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń sọ ni pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí bíi kòkòrò, pé oorun ò wá, pé àyà ń já, pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ibà, wọ́n á lo oògùn taifọ́ọ̀dù, ara ò sì ní yá. Nígbà tó bá wá yé wọn pé ọkàn ló ń ṣàárẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé dandan ni kí n rí dókítà? Ṣé dandan ni kí n lo oògùn? Owó wà nínú ìbéèrè yẹn, ìbẹ̀rù kí aráyé má pè wọ́n ní wèrè náà sì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ìwé ìròyìn yín fún wọn ní ìdáhùn tó ṣe é mú lò, torí ìdáhùn tí wọ́n ń gbà kiri ò ju "ṣe ọkàn akin" àti "gbàdúrà sí i" lọ.

Ìdáhùn tèmi ni pé ìsoríkọ́ tí kò tíì le ṣe é tọ́jú láìlo oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ò ní kí wọ́n fi oògùn bẹ̀rẹ̀ fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ojoojúmọ́, tó gba ìwé àti bírò.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe le tó. Ìbéèrè 9 kan wà tí àwọn oníṣègùn ń lò káàkiri ayé, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é, èèyàn sì lè fi bi ara rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ sí yín tó: pé ohun tí ẹ fẹ́ràn ò wù yín ṣe mọ́, pé inú yín bàjẹ́ tàbí pé ẹ ò nírètí, pé oorun ò wá, tàbí ó ń pọ̀ jù, pé ó ń rẹ̀ yín, pé oúnjẹ ò wù yín, tàbí ẹ ń jẹ àjẹjù, pé ẹ rí ara yín bí ẹni tí kò wúlò tàbí ẹni tó já ẹbí rẹ̀ kulẹ̀, pé ẹ ò lè fọkàn sí ohun tí ẹ ń kà tàbí tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò, pé ìrìn àti ọ̀rọ̀ yín falẹ̀ débi táwọn ẹlòmíì fi rí i, tàbí pé ẹ ò lè jókòó sójú kan, pé ó sàn kí ẹ kú, tàbí kí ẹ ṣe ara yín léṣe? Bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, 0 ni. Ọjọ́ mélòó kan, 1. Ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, 2. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, 3. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti 5 sí 9, ó mọ níwọ̀n, ẹ lè gbìyànjú nílé. Láti 10 sí 14, ẹ bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé pẹ̀lú. Láti 15 lọ sókè, kì í ṣe ohun àdáṣe. Ìbéèrè kẹsàn-án sì dá dúró: bí ẹ bá fún un ní 1 péré, ẹ sọ fún ẹnì kan, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kódà kí àròpọ̀ ìyókù kéré.

Ohun tó ń mú kí ìsoríkọ́ pẹ́ lára ni pé ó máa ń jẹ́ kéèyàn dúró de ìgbà tí nǹkan bá wù ú ṣe. Kò wù ú láti jáde, kò jáde. Nítorí pé kò jáde, kò rí ohun tó lè múnú rẹ̀ dùn. Àwọn ọ̀rẹ́ á dẹ́kun àtimáa pè é, iṣẹ́ ilé á gùn jọ, ìtìjú á bò ó, ọ̀la á tún wá le ju òní lọ. Ṣíṣe ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, wíwù á wá bá a lẹ́yìn, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3. Wọ́n dán ọ̀nà yìí wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọn kì í ṣe àgbà nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n kọ́ ní in, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń lo ọ̀nà tó ṣòro kọ́ jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ 4 àkọ́kọ́, ẹ má yí ohunkóhun padà. Ní wákàtí méjì-méjì, ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà láti 0 sí 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi sọ bí inú yín ṣe rí. Ẹni tó sorí kọ́ máa ń rò pé bákan náà ni gbogbo ọjọ́ ṣe ṣókùnkùn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìwé náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Aago 10 àárọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù lè jẹ́ 2. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi dúró bá alákàrà sọ̀rọ̀ lè jẹ́ 4. 4 yẹn ni kí ẹ máa tẹ̀ lé lọ.

Láti ọjọ́ karùn-ún, kí ohun mẹ́ta wà lórí ìwé fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan nínú ohun tó ń mú ọjọ́ rìn, bí ìwẹ̀ tàbí oúnjẹ àárọ̀, ọ̀kan nínú ohun dandan tí ẹ ti ń sá fún, bí owó iná tàbí ìpè tí ẹ ò dá padà, ọ̀kan nínú ohun tí ẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀, bí ayò, orin, tàbí lílọ kí ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ kọ aago rẹ̀, ibi tí ẹ ó ti ṣe é, àti ẹni tí yóò wà níbẹ̀. Kí ẹ sì gé e kéré dé ibi tí ẹ ó fi lè ṣe é lọ́jọ́ tó burú jù. Ká ní aṣọ ti gùn jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá láti ọ̀sẹ̀ 3. "Kí n fọ aṣọ" kì í ṣe iṣẹ́ kan: ṣíṣà wà níbẹ̀, omi pípọn wà níbẹ̀, rírẹ, fífọ̀ àti sísá. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ọjọ́ Ajé, aago 8 àárọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ṣẹ́ẹ̀tì 2 àti síngílẹ́ẹ̀tì 1. Ẹ rẹ wọ́n fún ìdajì wákàtí, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn, ó parí. Bó bá tilẹ̀ wù yín láti fọ ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Mo tẹnu mọ́ èyí torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ara á fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ kan, èèyàn á fọ gbogbo òkìtì aṣọ náà, á tún gbálé, á tún lọ sọ́jà. Á wá sùn sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, á sì sọ pé ọ̀nà náà ò ṣiṣẹ́. Àṣìṣe kejì ni ká máa fi adùn díwọ̀n ìṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Adùn lè má tíì sí. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ ti yege. Àṣìṣe kẹta ni ká kọ ohun tí ẹlòmíì fẹ́ràn, bíi kí wọ́n fi dandan mú ẹni tí kò fẹ́ràn èrò lọ sí òde ìnáwó. Bí iṣẹ́ kan bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ̀n rẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ gé e sí ìdajì.

Ọ̀rọ̀ oorun ò gùn, ṣùgbọ́n ó ṣe kókó. Aago kan náà ni kí ẹ máa jí, bóyá ẹ sùn dáadáa tàbí ẹ ò sùn, kí ẹ sì jáde sínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Oorun ọ̀sán ò gbọ́dọ̀ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ dìde lọ jókòó síbòmíì títí oorun yóò fi kùn yín. Ẹ má jẹ obì lẹ́yìn ọ̀sán: ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ wà nínú obì náà, ó sì ń pẹ́ nínú ara fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àdúrà ò ní ìpalára, ṣùgbọ́n ìṣọ́ òru léraléra ní, àgàgà fún ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yá gágá nígbà mìíràn tó sì máa ń sorí kọ́ nígbà mìíràn. Àìsùn lè sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di ẹni tí a ó dì mú. Ẹ bẹ pásítọ̀ tàbí àfáà yín kí ó bá yín gbàdúrà lọ́sàn-án.

Ní ti ìrìn, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sún un dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, kó yá débi tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin.

Èyí tó kàn ni ìṣòro tó fa ìrònú gan-an. Ẹ kọ gbogbo ìṣòro sílẹ̀, kí ẹ yọ èyí tí ọwọ́ yín lè ká sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ká, bí ikú ẹni tó ti lọ. Ẹ mú ẹyọ kan. Ká ní owó ilé ni, ẹ jẹ ₦180,000. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tó bá wá sọ́kàn, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, kí ẹ tó yan ọ̀kan: "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago 4, màá lọ bá bàbá onílé, màá mú ₦20,000 dání, màá sì bẹ̀ wọ́n pé kí n máa san iye kan náà lóṣooṣù." Bí wọn ò bá gbà, ẹ padà sórí ìwé, ẹ mú ọ̀nà kejì. Ìrònú lásán kì í ní aago, kì í ní orúkọ ẹni tí a fẹ́ lọ bá. Ìdí nìyẹn tí kì í fi tán.

Kò sí èyí tó rọrùn láti dá ṣe nínú gbogbo èyí. Ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 pẹ̀lú ìyá àgbà 14. Bẹ́ǹṣì onígi níta ilé ìwòsàn ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á fetí sí ẹni tí ìrònú bò mọ́lẹ̀, wọ́n á bá a yan ìṣòro kan bí mo ṣe sọ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀, tí èsì jáde lọ́dún 2016, lẹ́yìn oṣù 6 nǹkan bí èèyàn 14 nínú 100 ló ṣì ní ìsoríkọ́ lára àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 50 lára àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwa gan-an ò ṣàjèjì sí irú rẹ̀. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan kan tó tẹ̀ lé wọn wá, bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn.

Ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹni náà má wá bi yín pé kí ló ṣe yín tí ẹ ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. "Mo wá mú yín, ká jọ rìn dé ọjà" wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má sì pa òwe "ikú yá ju ẹ̀sín" létí ẹni tó sorí kọ́ láé. Kó bi í ní tààrà pé: "Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?" Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ó máa ń jẹ́ kí ẹni náà rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn òyìnbó kúrò nínú ilé, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ohun kan wà tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú, tí kì í ṣe ìtọ́jú. Ọtí àti paraga máa ń mú oorun wá, wọ́n á tún gbà á padà láàárín òru, ọkàn á sì túbọ̀ wúwo lọ́jọ́ kejì. Valium tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì láti fi sùn máa ń di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ dárúkọ igi aṣọfẹ́yẹjẹ, torí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú àgbo tí wọ́n ń fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní reserpine, tó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tó sì ń mú ara rọ. Ó lè mú ẹni tó ń jà rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kì í fún ẹni tó ní ìsoríkọ́ ní reserpine, torí ó lè mú un le sí i. Bí onítọ̀hún bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè dákú.

Àwọn kan wà tí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ìtọ́jú ilé nìkan rárá: ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹni tí kò jẹun, tí kò wẹ̀ mọ́, ẹni tó ti ní àsìkò tí kò sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó nínàákúnàá. Ẹni tó ti wà lórí oògùn kò gbọ́dọ̀ torí lẹ́tà yìí dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́ fún un. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn tàírọ́ọ̀dù sì máa ń fara jọ ìsoríkọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi wọ́n hàn. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún ọ̀sẹ̀ 4 tí àròpọ̀ ìbéèrè 9 yẹn ò dín kù, ẹ mú ìwé yín dání lọ bá dókítà. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ gan-an.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ ìbéèrè 9 náà sí ojú ìwé ìlera yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti orúkọ ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn. Kí ẹ sì má gba ìpolówó àgbo "ìrònú" tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò mọ́.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ kan,
Abẹ́òkúta.