Àbùùbùtán kì í ṣe ẹja

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn, ẹ pe àbùùbùtán ní ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹja kọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta ẹja. Tí mo bá ṣí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja, ohun pupa tó fi ń mí nínú omi ni mo kọ́kọ́ ń wò; bó bá ti ṣú, ẹja náà ti pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Àbùùbùtán ò ní irú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló ní bíi tiwa, òkè orí rẹ̀ ló sì ti ń mí.

Èyí tí wọ́n ń pè ní bowhead, tó ń gbé inú òkun oníyìnyín lápá àríwá ayé, ló jọ mí lójú jù. Orí rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀, òun ló fi ń fọ́ yìnyín kó lè rí ibi tó ti máa mí. Nínú òtútù yẹn náà ló ti ń bímọ, tó ń fún un lọ́mú!

Ó lè lò ju 200 ọdún lọ láyé. Lọ́dún 2007, àwọn ọdẹ ní Alaska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pa ọ̀kan, wọ́n sì bá àfọ́kù irin ohun ìjà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní New Bedford, ìlú kan ní Amẹ́ríkà náà, ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890. Ẹ wo bó ṣe gbé irin yẹn kiri inú òkun tó! Wọn ò tíì bí ìyá tó bí ìyá mi nígbà tí wọ́n rọ ọ́.

Ẹ bá wa tún un ṣe nínú èyí tó ń bọ̀, torí àwọn ọmọ iléèwé máa ń kà á ní ìsọ̀ mi.

Èmi ni,
Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìbàdàn