Yoga fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́

Sí Olóòtú,

Ìrora tó ti lé ní oṣù mẹ́ta lára ènìyàn kọjá ohun tí a ń sọ pé kó máa mú mọ́ra. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ka yoga, ìyẹn ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ń da nína ara pọ̀ mọ́ mímí, mọ́ ohun tó yẹ kí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro tipẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó nawọ́ sí oògùn.

Kì í ṣe ti kíláàsì elérò púpọ̀ ni mo ń sọ o. Olùkọ́ tó ń tọ́jú ẹnì kan ṣoṣo á kọ́kọ́ bèèrè ibi tó ń dùn yín, ìgbà tó ń le jù, àti oògùn tí ẹ ń lò. Ó lè ní kí ẹ kàn jókòó sórí àga, kí ẹ gbé apá sókè bí ẹ ti ń mí sínú, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹ ti ń mí síta. Bí ojú yín bá fà ro báyìí, ó ti rí i, á sì dín in kù. Èyí gan-an ló wù mí jù nínú rẹ̀.

Owó rẹ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ aláìsàn sẹ́yìn. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ó yẹ kí ètò adójútòfò ìlera máa san án.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín