Àṣàbí, má fara dà á

Kétu, ọjọ́ Àìkú

Àṣàbí ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Libreville? Bàbá ọmọ ńkọ́? Oyún ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. O ní oyún rẹ ti wọ oṣù keje, o ní kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọmú ṣe rí gan-an, kí n má fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ. Lórí fóònù, mi ò lè sọ ọ́ tán, nítorí ilé wa kì í dá. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Àdùkẹ́ ń sùn lórí itan mi báyìí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí.

Bí o bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, má gbàgbé èyí: bí ọmú bá ń dùn ọ́, má fara dà á. Pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó wá wò ó. Títí di ọjọ́ kẹsàn-án ni èmi fi fara dà á, àbámọ̀ rẹ̀ ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Wọ́n sọ ti ìkúnlẹ̀ fún wa, wọn ò sọ ti ọmú. Mo rò pé bí a bá ti bímọ, ọmọ á kàn máa mu ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọmọ ń kọ́ ọ, ìyá náà sì ń kọ́ ọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára o. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo bí i tí wọ́n gbé e lé mi láyà, ó sì ń fi imú wá ọmú kiri fúnra rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde kò pọ̀, ó ki, ó pọ́n rúsúrúsú bí oyin. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún un dànù, pé ó ti pẹ́ jù nínú ọmú, ó ti bàjẹ́. Agbẹ̀bí fi sùúrù bá wọn sọ ọ́: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ààbò tí ọmọ máa fi gbógun ti àìsàn ló wà nínú èyí. Díẹ̀ yìí tó o." Inú mi dùn pé wọ́n gbà.

Ọjọ́ kejì ni ìrora dé. Bó bá ti gbá ọmú mú, màá dijú, màá fi ẹsẹ̀ gún ilẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, orí ọmú ọ̀tún là. Mo rí ẹ̀jẹ̀ létè ọmọ mi, mo pariwo, mo rò pé òun ló farapa. Mo bi obìnrin kan níbi tí mo bímọ sí, ó ní, "Gbogbo wa la là á kọjá." Mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin ni omi ọmú wá ya dé. Àṣàbí, ó le bí òkúta, ó gbóná, ó le dé abẹ́ apá. Mo rántí ọmú igi ńlá tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń gbé sáyà, tí a máa ń sáré tẹ̀ lé nígbà tí a wà ní kékeré. Àyà mi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọ ò rí i gbá mú mọ́, ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ kúrò, àwa méjèèjì ń sunkún. Ìwọ nìkan ni mo máa sọ èyí fún: mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹkún ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún. "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ọwọ́ lómi!" Mo ń dáhùn, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, iwájú bùbá mi sì ti tutù rin.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì tó ń din àkàrà ní ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà wá kí mi. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fún ọmọ lọ́mú, tí mo fi eyín di gèlè mú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ. Wọ́n ní, "Orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu ọmọ yìí. Ó máa dùn ọ́ kẹ̀."

Wọ́n fọwọ́. Wọ́n ní kí n má fà á yọ. Wọ́n ki ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. Wọ́n fún díẹ̀ nínú omi ọmú náà sínú ife kí ọmú lè rọ̀. Wọ́n wá gbé ọmọ, ikùn rẹ̀ kọjú sí ikùn mi, orí, èjìká àti ìdí rẹ̀ dọ́gba, imú rẹ̀ sì kọjú sí orí ọmú. Wọ́n ní kí n fi orí ọmú ra á létè òkè. Mo ra á, ó la ẹnu díẹ̀, mo fẹ́ ti ọmú bọ̀ ọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Dúró. Dúró ná." Ìgbà tó la ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń yán, wọ́n ní, "Ó yá!" wọ́n sì gbé ọmọ wá bá ọmú, kì í ṣe ọmú la gbé lọ bá ọmọ. Àgbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ọmú. Ètè ìsàlẹ̀ yí síta, púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká wọlé sí i lẹ́nu. Ó dùn mí fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi lè ka ẹní dé ẹ̀wá, ó sì lọ. Mo gbọ́ ọ̀fun rẹ̀: gbìn, gbìn, gbìn. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò gbọ́ ìró yẹn rí. Mo sunkún débi pé Ìyá Ìbejì ń nù mí lójú.

Wọ́n ní kí n máa fi omi ọmú díẹ̀ pa ojú ibi tó là, kó gbẹ síbẹ̀, kí n yéé fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi san.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù. Wọ́n máa ní oòrùn mú, wọ́n máa ní kí o fún un lómi àti àgbo. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú, Àṣàbí. Oṣù mẹ́fà ni àwọn agbẹ̀bí ní kó fi mu ọmú nìkan. Mi ò bá ìyá ọkọ mi jà. Mo ní kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa fún èmi ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja, mo sì mú wọn dání lọ síbi òṣùwọ̀n. Kílò 3.1 ni a bí i, ó já sí 2.9 lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ní kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti di 3.2. Ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i, wọn ò dárúkọ omi mọ́. Nílé, ìlédìí ni kí o máa wò: bó bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, tí ìgbẹ́ dúdú sì ti di pupa rúsúrúsú, ó ń rí mu.

Ó máa mu tó ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Ní ìrọ̀lẹ́, ó lè má fẹ́ fi í sílẹ̀ rárá. Má rò pé ọmú ti gbẹ. Bó ṣe ń mu tó ni yóò máa wá tó. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá pọ́n, tó le, tí ibà sì gbé ọ, ilé ìwòsàn ni kí o lọ lọ́jọ́ náà, má sì gba ọmú lẹ́nu ọmọ.

Màmá rẹ kò sí nítòsí níbẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Wá obìnrin kan tó ti fọ́mọ lọ́mú dáadáa ní àdúgbò yín, kí o ti bẹ̀ ẹ́ láti ìsinsìnyí pé kó wá lọ́jọ́ kejì tí o bá bí. Bí o kò bá rí ẹnikẹ́ni, pè mí, kódà bó jẹ́ òru. Ìyá Ìbejì ní àwọn máa wò ọ́ lórí fóònù mi, pé kí o kàn gbé fóònù rẹ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Àdùkẹ́ ti ń ki ọwọ́ bọnu, ó ń yí orí kiri. Kò tíì sunkún. Jẹ́ kí n gbé e.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Àdùkẹ́