Saul Williams: eré ló kọ́kọ́ kọ́, ojú ọ̀nà ni ewì ti bá a

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí fíìmù Sinners ti jáde ní 2025 ni mo ti ń rí i táwọn èèyàn ń sọ pé Saul Williams tó ṣe pásítọ̀ inú ẹ̀, bàbá Sammie ọmọ tó ń ta gìtá, pé akéwì slam (àwọn tó ń fi ewì díje níwájú èrò) ni tẹ́lẹ̀ kó tó wá di òṣèré, ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Newburgh ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí Saul Williams ní 1972, bàbá ẹ̀ pásítọ̀, màmá ẹ̀ tíṣà. Kékeré ló wà tó ti ní eré lòun máa ṣe, bàbá ẹ̀ ní kò burú, òun á tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kó gba dìgírì lọ́yà ná (ṣé ẹ rí i, bàbá, bàbá náà ni níbi gbogbo), màmá ní kó lọ kọ iṣẹ́ iléèwé ẹ̀ lórí Paul Robeson, ẹni yẹn ṣe lọ́yà ó tún ṣe òṣèré. Ló bá gba kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse lọ, ó gba yunifásítì NYU ní New York, eré ṣíṣe ló kọ́ níbi méjèèjì. Ìgbà tó wà ní NYU ló tó wá bọ́ sáàárín àwọn akéwì, ó sì gbapò kìíní nínú ìdíje slam ní Nuyorican Poets Cafe, ibi táwọn akéwì ń pàdé ní New York, ní 1996.

Slam ọ̀hún gan-an, eré ni jàre. Àwọn tó wá wòran ni wọ́n máa ń mú èèyàn márùn-ún nínú wọn ṣe jọ́ọ̀jì, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lo ní, wọ́n á fún ẹ ní máàkì látorí òdo dé mẹ́wàá, wọ́n á yọ èyí tó ga jù àtèyí tó kéré jù kúrò. Tó o bá dúró gbagidi tó o kàn ń ka ewì ẹ bí ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, o ti jábọ́ nìyẹn.

Ẹ wo fíìmù Slam, ti 1998, tó gba àmì ẹ̀yẹ níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance àti ti Cannes. Ray Joshua ni Saul ṣe níbẹ̀, ọmọ tó ń ta igbó tí wọ́n wá tì mọ́lé ní Washington. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn kan ti ń bọ̀ wá lù ú, ó kàn la ẹnu, ewì ló ń tú jáde, gbogbo wọn dúró sójú kan, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fọwọ́ wọn ṣe mọ́. (Sonja Sohn tí wọ́n jọ ṣe é, akéwì slam lòun náà, òun ló padà ṣe ọlọ́pàá nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Wire.)

Ṣùgbọ́n Tey gan-an lẹ̀rí mi, fíìmù Alain Gomis tí wọ́n ṣe ní Senegal, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní FESPACO, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2013. Saul ló ṣe ọkùnrin kan tó ti Amẹ́ríkà padà wálé, tó mọ̀ pé òní lòun máa kú. Ẹni tọ́rọ̀ kún ẹnu ẹ̀ tó báyẹn, díẹ̀ ló kù kó má sọ̀rọ̀ rárá, ojú ẹ̀ lẹ ó máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣé akéwì lásán ló máa ṣe ìyẹn?

Ká padà sórí Sinners, ibi tí ọmọ ẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ọrùn gìtá tó ti kán ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí pásítọ̀ ní kó jù ú sílẹ̀, ẹ̀rín ló pa mí níbẹ̀, torí ọmọ pásítọ̀ tí wọ́n ní kó lọ gba dìgírì lọ́yà ló ń sọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín.